Iná Ọkọ̀ Oníbúrẹ́dì

Ẹni tó bá fi kíkọ́ ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà ṣe iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kì í sí nínú àyà, inú ẹsẹ̀ ló máa ń wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ rọ́ lu ògiri, ẹsẹ̀ olùkọ́ ló máa kọ́kọ́ mọ̀, á ti tẹ bíréèkì kí ẹnu tó rí nǹkan sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ti obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tísà Ọkọ̀. Ó ti kọ́ ọkọ, ó ti kọ́ ìyàwó, ó ti kọ́ dókítà tó ń gbọ̀n bí ewé, ó sì ti kọ́ bàbá arúgbó kan tó ń pàṣẹ fún ọkọ̀ bí ẹni pé ẹṣin ni. Kò sí irú olórí kunkun tí kò tíì jókòó tì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin wá bá a pé kí ó kọ́ òun náà ní ọkọ̀, ó fẹ́ kọ̀.

Àbúrò yìí kì í gbọ́ràn. Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Àìsàn kan tó kọlù ú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré sísá ló pa etí rẹ̀ méjèèjì dé, kò sì sí oògùn tó ṣí i. Ọwọ́ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti kékeré, abẹ́ tábìlì ilé ìdáná ìyá wọn ni wọ́n sì ti hùmọ̀ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe di orúkọ rẹ̀. Bí àbúrò bá fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n, á di ìkúùkù méjì síwájú àyà bí ẹni tó di sítíárì mú. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ pe àbúrò, á fi ọwọ́ kan po inú àtẹ́lẹwọ́ kejì, nítorí búrẹ́dì ni àbúrò ń ṣe jẹun, Oníbúrẹ́dì sì ni ayé ń pè é.

Kì í ṣe búrẹ́dì eré o. Ààrò rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé tí òun àti ìyá wọn jọ ń gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òórùn rẹ̀ á ti lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò wò. Ó ní ọkọ̀ funfun gígùn kan tí wọ́n fi ń gbé búrẹ́dì lọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì òkè, ó sì gba awakọ̀. Awakọ̀ àkọ́kọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, kò padà mọ́. Èyí tó gbà tẹ̀lé e, oorun ló kúndùn ju owó oṣù lọ. Búrẹ́dì ń dé ọjà ní tútù, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń ráhùn. Báyìí ni Oníbúrẹ́dì ṣe já wọ ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Ó fi ọwọ́ sọ pé, "Ẹ kọ́ mi. Èmi fúnra mi ni màá máa wà á."

Kò sí "ẹ" àti "o" nínú ọ̀rọ̀ ọwọ́, àmọ́ bó ṣe máa ń tẹ orúnkún díẹ̀ tó bá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyẹn ni "ẹ" tirẹ̀.

Tísà na ìka sí etí ara rẹ̀. "Eléyìí ńkọ́?"

"Ṣé etí ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ni?"

Tísà mọ̀ pé òfin kò dí i lọ́nà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àṣìṣe, ó lè kígbe mọ́ wọn. Báwo ni yóò ṣe kígbe mọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà, tí kò sì lè wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ó ní kí àwọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ màmá, ó rò pé màmá yóò bá òun pa ọ̀rọ̀ náà tì.

Màmá sì gbìyànjú. "Kò gbọ́ fèrè," ó ní. "Kò gbọ́ ẹni tó ń pariwo pé dúró. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kí n lè máa rí oorun sùn."

Oníbúrẹ́dì ti ń wo ètè rẹ̀. Ó dáhùn pẹ̀lú ọwọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wọ bọ́ọ̀sì, màmá mi, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé rédíò awakọ̀ máa ń pariwo débi pé àwọn èrò gbọ́dọ̀ gbá a lórí kó tó dúró. Kí ni òun ń gbọ́?"

Màmá fẹ́ bínú, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ó dáa. Àmọ́ tí ẹ bá ba ọkọ̀ yẹn jẹ́, ẹ má gbé e wá síwájú ilé mi."

Wọ́n fi ọkọ̀ búrẹ́dì náà bẹ̀rẹ̀ ní pápá gbalasa kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Tísà hùmọ̀ èdè kan tí kò nílò ojú: bó bá fi ìka lu èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó rọra, lẹ́ẹ̀mejì, kó dúró, bó bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ti ṣe dáadáa. Ohun tó kọ́kọ́ ya Tísà lẹ́nu ni ti jíà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù máa ń fi etí ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, wọn a sì máa gbọ́ ọ nígbà tó bá ti pẹ́ jù. Oníbúrẹ́dì ń fi ìdí àti àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ ọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ àga ló ṣe ń yí jíà, ọkọ̀ náà kò ta gbọ́n-ọ́n gbọ́n-ọ́n bí ewúrẹ́ mọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nígbà tó yá, ọwọ́ tó ń pa á lẹ́yìn wá pọ̀ ju ìka tó ń lu èjìká lọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ iná. Búrẹ́dì kì í dúró de oòrùn. Àfẹ̀mọ́jú ló ń jáde. Tísà ní kí àbúrò òun gbé ọkọ̀ náà dúró kọjú sí ògiri ilé búrẹ́dì kí ilẹ̀ tó là, ó sì fi ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì hàn án.

Ó yí orí ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn iná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tàn níwájú àti lẹ́yìn, irú èyí tó kàn ń sọ fún ayé pé "ọkọ̀ wà níbí". Ó tún yí i. Ìmọ́lẹ̀ ńlá méjì bọ́ sára ògiri. Kì í ṣe pé ó kàn fọ́n káàkiri o. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, àfi ní ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀nà tó ti rọra gbé sókè. Lẹ́yìn náà ni Tísà ti ọ̀pá náà síwájú. Gbogbo ògiri funfun báláú títí dé òrùlé, àmì aláwọ̀ sánmà kékeré kan sì là lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Oníbúrẹ́dì gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tì í, ó fà á. Ògiri gùn, ògiri kúrú. Ó rí i pé bí òun bá fà á sọ́dọ̀ ara òun díẹ̀, iná náà á ṣẹ́jú, bí òun bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà síbi tó wà. Ó ṣe é títí aládùúgbò kan fi ṣí fèrèsé láti wò bóyá mànàmáná ń kọ.

"Kí ló dé tí ó fi ní ìlà lókè?" ó bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́ iná inú ọkọ̀.

"Ìsàlẹ̀ ìlà yẹn ni tìrẹ," Tísà dáhùn. "Ibẹ̀ ni ọ̀nà wà. Òkè ìlà yẹn, ojú ọmọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Tí ọ̀nà bá dá, tí kò sí ẹni tó ń bọ̀, tí kò sí ẹni tó wà níwájú, tan iná òkè kí o lè rí ọ̀nà jíjìn. Bí o bá ti rí ẹnì kan báyìí, dá a padà sílẹ̀. Tí àmì yẹn bá ṣì ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, o ń fọ́ ẹnì kan lójú."

"Tí wọ́n bá ṣẹ́jú iná sí mi ńkọ́?"

Tísà mí kanlẹ̀. Ibí yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń rojú. "Ó lè jẹ́ 'máa kọjá'. Ó lè jẹ́ 'kúrò lọ́nà fún mi'. Ó lè jẹ́ 'nǹkan wà níwájú, rọra'. Ó sì lè jẹ́ 'iná rẹ ń pa mí lójú'."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó jẹ́?"

"Wàá wo ibi tó ti ṣẹ́ ẹ, bó ṣe ṣẹ́ ẹ, àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́."

Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín. Láti ọmọdé ni kò ti ní iṣẹ́ méjì ju kó máa fi ojú wá ohun tí ènìyàn ní lọ́kàn. Ó ní, "Ẹ ò tètè sọ pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ ni àwọn ọkọ̀ náà ń sọ."

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ ti dùn mọ́ ọn. Bí iná ọkọ̀ bá yọ níwájú, kí Tísà tó gbé ìka, ọ̀pá ti padà sílẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn lórí ewé igi tó wà ní kọ́nà, tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì yọjú, Oníbúrẹ́dì á ti sún mọ́ ẹ̀gbẹ́. Tísà tó ti ń wa ọkọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ewé igi.

Ìṣòro kan wà ṣá. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá lọ kó ìyẹ̀fun láti ilé tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú a máa ṣẹ́jú sí wọn ṣáá, àwọn mìíràn á tún fi ìbínú ṣe é. Ní ọjọ́ búrẹ́dì, kò sí ẹni tó ń ṣẹ́jú. Tísà wo dáṣíbọ́ọ̀dù, àmì iná òkè kò tàn. Ó ní bóyá orí àwọn èèyàn ló gbóná láàárọ̀ yẹn. Oníbúrẹ́dì kò gbà. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó gbé ọkọ̀ náà kọjú sí ògiri pẹ̀lú ẹrù ìyẹ̀fun lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ibi tí orí ìmọ́lẹ̀ gbé wà. Wọ́n já ẹrù tán, ó tún wò ó. Ìmọ́lẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ìlà ṣọ́ọ̀kì wà lókè lọ́hùn-ún nínú òkùnkùn.

Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ wá síbẹ̀. "Ìyẹ̀fun tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, imú rẹ̀ gbé sókè. Ọkọ̀ tí imú rẹ̀ bá gbé sókè, ṣé ojú rẹ̀ lè wolẹ̀?"

Tísà wo ìlà náà, ó wo àbúrò rẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn. Ó ti mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, kò kàn wá sí i lọ́kàn ni, ó sì mọ ohun tí wọ́n ṣe sínú ọkọ̀ fún un. Ó na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ róbótó kékeré kan lẹ́bàá sítíárì, tí wọ́n kọ òǹkà sí lára. "Èyí ló ń tẹ ojú iná ba nígbà tí ẹrù bá wúwo lẹ́yìn. N kò kọ́ ẹnikẹ́ni nípa rẹ̀ rí, torí ọkọ̀ tí mo fi ń kọ́ni kì í gbé ju èèyàn méjì lọ. Ìwọ lo máa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́."

Wọ́n yí i. Ìmọ́lẹ̀ kò mira.

Bí wọ́n ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹwáyà nìyẹn. Ọkùnrin tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ni, ó mọ iṣẹ́ débi pé àwọn mẹkáníìkì mìíràn ń gbé ọkọ̀ wá bá a. Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, torí pé ìyẹn ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tó máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó tó kí i káàárọ̀. Ó tẹ orí wọ inú ọkọ̀ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀, ó sì fa wáyà kan jáde tó ti rí jákujàku.

"Eku ilé búrẹ́dì ni," ó ní. "Búrẹ́dì ti sú u, ó ń jẹ iná."

Bó ṣe ń so wáyà náà, Oníbúrẹ́dì ń bèèrè, Tísà ń túmọ̀, inú ọkùnrin náà sì dùn láti dáhùn, nítorí kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló máa ń bèèrè ju "ìgbà wo ló máa ṣe tán". Ó yọ gílóòbù kan, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Okùn wáyà tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni iná ìsàlẹ̀, ìkejì ni iná òkè. Àwo dídán tó wà lẹ́yìn wọn ló ń gba ìmọ́lẹ̀ kálukú, tó ń sọ ọ́ síbi tó yẹ. Mọ́tò kékeré kan ló sì ń tẹ àwo náà síwá sẹ́yìn bí wọ́n bá yí kẹ̀kẹ́ róbótó yẹn.

"Ọ̀pá tí à ń tì yẹn ńkọ́? Ṣé inú rẹ̀ ni iná ń gbà kọjá?"

"Rárá o. Ìránṣẹ́ ni ọ̀pá. Tí iná ńlá bá gba inú rẹ̀ kọjá, á jó ọwọ́ yín." Ó na ìka sí àpótí dúdú kékeré kan tó rí bí mágì tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. "Ríléè nìyí. Ọ̀pá á wá sọ fún un pé, 'Ọ̀gá ní kí o ṣílẹ̀kùn.' Òun ló máa ṣílẹ̀kùn fún iná tó ń ti inú bátìrì bọ̀. Bó bá ti ń ṣílẹ̀kùn, á dún kẹ́."

Tísà túmọ̀ títí dé ibi "á dún", ọwọ́ rẹ̀ sì fẹ́ dúró. Oníbúrẹ́dì ti rí i lẹ́nu rẹwáyà. Ó na ìka, ó wo ojú ọkùnrin náà bí ẹni tó ń tọrọ ààyè. Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ń retí gbólóhùn tí wọ́n mọ̀.

Má-Fọwọ́-Kàn-Án di ìka rẹ̀ mú, ó gbé e lé orí ríléè náà. "Ẹ tan iná," ó sọ fún Tísà.

Tísà yí ọ̀pá. Oníbúrẹ́dì fò sẹ́yìn díẹ̀, ó tún dá ìka rẹ̀ padà síbẹ̀. Tísà pa á, ó tàn án. Ojú Oníbúrẹ́dì ń dán bí gílóòbù. "Mo gbọ́ ọ," ó fi ọwọ́ kejì sọ. "Ó ń kan ilẹ̀kùn."

"Ẹ wo ọ̀gá yìí," oníbàárà kan sọ lẹ́yìn wọn. "Orúkọ rẹ ti yí padà lónìí o." Rẹwáyà ń wo Oníbúrẹ́dì, ó ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.

Ọjọ́ ìdánwò ti ń sún mọ́lé nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ látàná, kò dá. Ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni pé kò fẹ́ mọ́ ni. Búrẹ́dì kún ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀nà òkè ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀nà tó lọ́ bí ìfun. Oníbúrẹ́dì di sítíárì mú, Tísà jókòó tì í, pátákó akẹ́kọ̀ọ́ wà níwájú àti lẹ́yìn. Òjò ń lu òrùlé ọkọ̀ débi pé Tísà kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì pàápàá. Inú rẹ̀ dùn pé iná ìsàlẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ tàn láìjẹ́ pé òun sọ fún un, nítorí nínú irú òjò bẹ́ẹ̀, ńṣe ni iná òkè máa ń kọlu omi tí á padà wá fọ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀ lójú.

Iná kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nínú díńgí. Tísà yíjú wẹ̀yìn. Tírélà kan ń bọ̀ lókè lọ́hùn-ún, ó ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú. Tísà pòṣé. Àwọn onísùúrù kékeré, tí wọn kò lè fara da pátákó akẹ́kọ̀ọ́. Ó lu èjìká àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: rọra, jẹ́ kó kọjá tí ọ̀nà bá fẹ̀.

Oníbúrẹ́dì mi orí. Ó tún wo díńgí, ó wo iwájú, ó tún wo díńgí. Lójijì, ó tan tráfíkétọ̀, ó yà kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, ó gba orí koríko lọ títí táyà fi rì sínú ẹrẹ̀, ó sì dúró. Ọkàn Tísà ti wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, àmọ́ ọkọ̀ búrẹ́dì kò ní bíréèkì lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó tó bi í pé kí lèyí, tírélà náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ mi ọkọ̀ wọn bí ẹni ń mi igi. Ó rí ojú awakọ̀ rẹ̀ fìrí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí fèrè. Ìgbà yẹn ni Tísà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ fèrè náà, nígbà tó ti kọjá wọn. Tírélà yẹn kò ní bíréèkì mọ́.

Ìbẹ̀rù mú Tísà, ṣùgbọ́n Oníbúrẹ́dì kò dúró láti bẹ̀rù. Ó ń wo ìsàlẹ̀ òkè. Lórí àwọn igi tó wà lẹ́yìn kọ́nà kejì, ìmọ́lẹ̀ kan ń ràn, ó ń gòkè bọ̀. Ó ti ọ̀pá iná síwájú. Ó fà á, ó tì í, ó fà á, ó tì í. Iná ọkọ̀ búrẹ́dì ń gùn ó ń kúrú lórí gbogbo àfonífojì náà, tráfíkétọ̀ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń ṣẹ́jú pọ̀. Bọ́ọ̀sì kan tó kún fún èrò yọ ní kọ́nà. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ó wá fà sẹ́yìn, ó yà sí ibi gbalasa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó dúró síbẹ̀. Tírélà gba ibi tó ti kúrò kọjá, ó já dé ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè kejì. Òkè náà gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rọra, ó tún rọra, ó fi ẹ̀gbẹ́ rọ́ mọ́ ebè etí ọ̀nà, ó dúró.

Ìgbà tí wọ́n fi máa yọ táyà kúrò nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, awakọ̀ tírélà ti bọ́ sílẹ̀, ó jókòó sínú òjò bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀ ilé rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà ti sáré dé. Àwọn èrò rẹ̀ ń fi òkúta ti táyà tírélà.

"Ọkọ̀ kan tó bá ń ṣẹ́jú, mo lè ní orí rẹ̀ ò pé," awakọ̀ bọ́ọ̀sì sọ. "Méjì tó ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Pàápàá èyí tó dúró lókè yẹn. Ta ló wà nínú ọkọ̀ búrẹ́dì?"

Tísà na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀.

Awakọ̀ tírélà gbé ojú sókè. "Láti orí òkè ni mo ti ń fọn fèrè, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́ mi." Oníbúrẹ́dì kò tó o lọ́jọ́ orí rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹ̀mí ẹni là, ẹ̀gbọ́n ni.

"Kò gbọ́ ẹ," Tísà sọ fún un jẹ́jẹ́. "Kì í gbọ́ràn. Ó rí ẹ."

Ọkùnrin náà wo Tísà, ó wo Oníbúrẹ́dì. Kò mọ ohun tó yẹ kí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó gbé méjèèjì, ó fi wọ́n lé àyà, ó sì tẹrí ba títí omi fi ń dà sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Oníbúrẹ́dì di apá rẹ̀ mú, ó gbé e dìde, ó lọ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì fún un ní búrẹ́dì tó ṣì gbóná. Ọkùnrin náà jẹ ẹ́ nínú òjò. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì náà jẹ, awakọ̀ wọn jẹ, àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan ò sì rí búrẹ́dì gbà lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí wọ́n padà sínú ọkọ̀, tí wọ́n fi aṣọ nu orí, Tísà di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú kó tó tan ẹ́ńjìnnì.

"Báwo lo ṣe mọ̀? Èmi rò pé ó kàn fẹ́ kọjá ni."

Oníbúrẹ́dì dáhùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò le lójú rẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, á ṣẹ́jú, á dúró kó wo ohun tí màá ṣe. Ìyẹn kò dúró. Kọ́nà méjì ló yà lẹ́yìn wa, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì ní kọ́nà, imú ọkọ̀ rẹ̀ á wolẹ̀, iná rẹ̀ náà á wolẹ̀. Tirẹ̀ kò wolẹ̀ rárá. Ó kàn ń tóbi sí i."

Tísà bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè. Òun ló kọ́ ọ pé imú àti ojú ọkọ̀ jọ ń rìn ni àbí àbúrò òun ló kọ́ òun? Kò rántí mọ́, kò sì já mọ́ nǹkan kan. Ó ti wo díńgí kan náà, ó ti rí iná kan náà. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ rí ṣe kò ju kó na àtẹ́lẹwọ́, kó sì pa àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn, kó tún pa á, títí àbúrò fi ní ó tó, pé ó ti ń dùn òun.

Lọ́jọ́ ìdánwò, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ló jókòó tì í. Ó ti kọ àwọn ìtọ́ni sílẹ̀ sórí káàdì ńláńlá, á máa gbé wọn sókè ní ibi tí Oníbúrẹ́dì ti lè rí wọn. Wọ́n yí ìlú ká. Nígbà tí wọ́n padà dé, obìnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó wá Tísà lọ síbi tó ti ń jẹ èékánná lábẹ́ igi. "Ta ló kọ́ ọ ní iná?" ó bèèrè. Tísà ní òun ni. Obìnrin náà mi orí. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dá iná padà sílẹ̀ fún èmi tí mò ń fẹsẹ̀ rìn," ó ní. "Ní àárọ̀ yìí, kó tó gbé mi, ó rí mi lójú ọ̀nà, ó sì dá a sílẹ̀." Ó buwọ́ lu ìwé ìyege Oníbúrẹ́dì, ó sì pe ẹlòmíì.

Màmá ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé òun jáde láfẹ̀mọ́jú. Ó wọ bàtà ìjáde, ó jókòó sí iwájú, ó sì ń sọ "rọra, rọra" láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀ òkè. Tísà tó jókòó sí ẹ̀yìn láàárín àwọn pẹpẹ búrẹ́dì rán an létí pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kò gbọ́.

"Mo mọ̀," ni màmá dáhùn. "Ọkọ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Nígbà tí wọ́n gun òkè náà, màmá kò sọ "rọra" mọ́. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ níwájú, ó wo bí ọmọ rẹ̀ ṣe fi ìka méjì péré fa ọ̀pá náà, tí ìmọ́lẹ̀ tó gùn lọ rere sì wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ síwájú táyà wọn. Awakọ̀ tó kọjá gbé ọwọ́ kí wọn. Màmá náà gbé ọwọ́, ó gbé e bí ayaba. "Ọmọ mi nìyẹn," ó sọ fún gíláàsì fèrèsé.

Tísà gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Láti ìgbà tó ti mọ ọkọ̀ wà, kò tíì sùn rí nínú ọkọ̀ tí ẹlòmíì ń wà. Kódà bó bá wọ bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa tẹ ilẹ̀ ní gbogbo kọ́nà. Lówùúrọ̀ yẹn, ó gbé orí lé àpótí búrẹ́dì kan tó móoru, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, oorun sì gbé e lọ.